Ta Ló Pa Màmá Kọ́kọ́rọ́?

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin kan ti ń gbálẹ̀, tó ń nulẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ló sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà, etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú tó rí i, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń sùn ní kíláàsì á sì ti jí kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Kọ́kọ́rọ́. Orúkọ náà ò bí i nínú. Ohun tó máa ń bí i nínú ni kí èèyàn fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, obìnrin bíi tirẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ìlú tí bọ́ọ̀sì ń fi wákàtí mẹ́ta rìn dé. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ọmú kan náà ni wọ́n mu, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ló dá a sílẹ̀. Ẹnì kan bi ẹ̀gbọ́n pé iṣẹ́ wo ni àbúrò rẹ̀ ń ṣe, ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "Ọ́fíìsì ló wà." Àbúrò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́. Ó jáde, ó ní, "Ìgbálẹ̀ ni mò ń dì mú ní ọ́fíìsì náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé olè ni mò ń jà ni, tẹ́ ẹ fi ń fi mí pamọ́?" Láti ọjọ́ náà, kálukú pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, tíṣà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ fíìmù gbé iṣẹ́ kan fún wọn. Kì í ṣe odidi fíìmù ló ní kí wọ́n ṣe o. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni, ìṣẹ́jú méjì péré, irú fíìmù tí àyà èèyàn á máa já, tí kò sì ní lè gbójú kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é tán, kí wọ́n pín in káàkiri kí aráyé wò ó, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá jókòó ní gbọ̀ngàn níwájú àwọn òbí wọn, kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́.

Àwọn mẹ́ta kan para pọ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá ni olùdarí. Ọmọkùnrin gíga kan gbé kámẹ́rà. Ìkẹta wọn, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n ní kó ṣe òkú. Ẹ̀yin náà ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà.

Yàrá ẹrù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé ni wọ́n yàn, níbi tí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pátákó ìkọ̀wé tó ti là àti àpótí ìwé ti kún dé àjà. Màmá Kọ́kọ́rọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nítorí pé kì í fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó fara ti ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Ó yá, kú!" ni olùdarí wí.

Ẹlẹ́rìn-ín á kú. Kámẹ́rà á rọra sún mọ́ ọn. Imú òkú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ikùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, gbẹ̀yìn gbẹ́yín á bú sẹ́rìn-ín, kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló kú, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló jí.

Màmá Kọ́kọ́rọ́ ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, òkú wo nìyẹn? Òkú yìí láyọ̀ ju alààyè lọ."

Olùdarí yíjú sí i. Ó wò ó látòkè délẹ̀: yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé, kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ, ojú tí kì í fi ṣeré. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá wa kú díẹ̀?"

Màmá Kọ́kọ́rọ́ wo ilẹ̀. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù, eruku ni. "Mo lè kú, ṣùgbọ́n mi ò lè kú sórí ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ nu ibẹ̀ ná."

"Há, Màmá, eruku yẹn gan-an la fẹ́! Òun ló máa dẹ́rù ba àwọn èèyàn."

"Ẹ̀rù wo? Ìtìjú ni! Kí wọ́n wá máa sọ pé yàrá tí mò ń tọ́jú ni mo kú sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ wá rí báyìí?"

Wọ́n fà á títí, wọ́n wá pàdé láàárín. Màmá nu ìwọ̀n ibi tí ara rẹ̀ máa gbà, ibẹ̀ ń dán bí awo, ó sì fi eruku yòókù sílẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Ó dùbúlẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Wọ́n po tòmátò inú agolo mọ́ omi, wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Ta ló máa nu èyí?" ni òkú bèèrè.

"Àwa ni, Màmá."

"Ẹ búra."

Wọ́n búra. Òkú pajú dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, aago mẹ́rin ìdájí ni obìnrin yìí ti ń jí. Kò dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án rí, àfi ọjọ́ tó ṣàìsàn ibà. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù yẹn, tó gbọ́ tí olùdarí ní, "Màmá, ẹ má mira o, ẹ má ṣe nǹkan kan rárá," ó ń rò ó lọ́kàn pé ta ló ti sọ irú ọ̀rọ̀ dídùn báyìí sí òun rí. Kò tíì ro èrò náà tán tó fi sùn lọ.

Ó kú dáadáa. Ọrùn rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Oníkámẹ́rà yà á láti òkè, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó yà á láàárín ẹsẹ̀ àga. Ìgbà tí wọ́n ní ó parí, òkú ò dìde. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Ẹlẹ́rìn-ín ti fẹ́ sáré lọ pe tíṣà kí òkú tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ó wá ku pípín. Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún tíṣà, ilé sinimá ńláńlá ló máa gbé fíìmù náà; wọ́n tiẹ̀ ya àwòrán ìpolówó rẹ̀. Ní ti òdodo, ilé sinimá kan ṣoṣo ni wọ́n lọ, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí kí wọ́n yà lọ́nà. Ẹlẹ́rìn-ín ló mú fóònù rẹ̀. Ó fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń ṣe irun fún ìyá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣe irun fún lọ́wọ́ ò sì lè dìde, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa wò. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, fíìmù náà ti wọlé ju ẹni tó ń gba owó iná lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà Màmá Kọ́kọ́rọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ ra búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì di búrẹ́dì náà mú, kò fún un. "Màmá, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Ta ló pa yín?" Ó wọ bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ń wò ó nínú díńgí: "Ṣé ẹni tí ẹ mọ̀ rí ni?" Ọkọ rẹ̀ pàápàá gbé ṣíbí dúró lẹ́nu. "Ìyàwó mi, má fi pamọ́ fún mi. Èmi ọkọ rẹ ni mò ń bèèrè. Ta ni?"

Ó lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ta ló pa mí?"

Olùdarí họ orí. "Màmá, àwa náà ò mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní ká ṣe."

"Ẹ pa mí, ẹ ò mọ ẹni tó pa mí?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

Nígbà tí ìbéèrè pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀bi bó ṣe wù ú. Ó sọ fún oníbúrẹ́dì pé ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ni, nítorí ìwé kan tí òun ò dá pa dà. Ó sọ fún dírẹ́bà pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni. Dírẹ́bà lu ọwọ́ mọ́ ìdarí ọkọ̀: "Mo mọ̀! Ojú rẹ̀ ni mo wò!" Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tọ́jú ilé ìkàwé lọ ra búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì na èyí tó gbó jù sí i láti ọ̀ọ́kán, kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn kan ara wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá bọ́ sórí fóònù, bó ṣe ń rìn ló ń já sí wẹ́wẹ́. Ẹnì kan gé àkọlé fíìmù náà kúrò, ó gé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò, ó fi ibi tí Màmá Kọ́kọ́rọ́ ti nà gbalaja sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá olùgbálẹ̀ kan! Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn." Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ro iṣẹ́ wọn síwá sẹ́yìn gan-an ló dé orí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀, fóònù ò lọ, nítorí pé ó máa ń pa á tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbéra ló bá lọ.

Ó dé ẹnu géètì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Màmá olùgbálẹ̀... níbo ló wà?"

Mẹ́gáàdì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé obìnrin náà wá wo fíìmù bíi ti àwọn òbí yòókù ni. "Ẹ̀yin náà wá wo Màmá Kọ́kọ́rọ́? Ẹ pẹ́ díẹ̀ o. Wọ́n ti gbé e lọ sí gbọ̀ngàn. Gbogbo èèyàn ti wà lórí ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ké tòò, ó sáré lọ síbẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn mẹ́ta náà dúró níwájú, àwòrán Màmá Kọ́kọ́rọ́ sì ga gègèrè lára ògiri. Tíṣà ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. "Ibi tó mọ́ lábẹ́ òkú yìí wú mi lórí gan-an. Ta ló rò ó?"

Olùdarí gbé ọrùn sókè. "A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, sà, kó lè dà bíi pé apààyàn náà ti nu ipa ẹsẹ̀ rẹ̀..."

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kọ́kọ́rọ́ mì, Màmá Kọ́kọ́rọ́ wúkọ́.

Olùdarí gbé ọrùn wálẹ̀. "Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Màmá ló ní àwọn ò lè kú sórí ìdọ̀tí."

Kí tíṣà tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ó rí àbúrò rẹ̀ lára ògiri, ó tóbi bí ilé, ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

"Àbúrò mi o! Èmi ni mo pa ọ́! Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa ọ́ o!"

Ẹnì kan láàárín àwọn òbí sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "A ti rí i. Òun ni."

Màmá Kọ́kọ́rọ́ ti ń gba àárín àga bọ̀. Ó dúró lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀, ti ọdún méjì, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ jáde ni: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde nílẹ̀ yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó wo ògiri, ó wo àbúrò rẹ̀. Ó tún wo ògiri. Ó dìde, ó fi báàgì rẹ̀ gbá a léjìká ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì dì mọ́ ọn tí kọ́kọ́rọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún àwọn méjèèjì níkùn. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn rí i pé bàtà dúdú ni ẹ̀gbọ́n wọ̀ sí ẹsẹ̀ kan, sálúbàtà sì wà lẹ́sẹ̀ kejì. Ẹlẹ́rìn-ín tó máa ń rín ohun gbogbo ń sunkún.

Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ní omi. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tíṣà ní, "Màmá, ẹ forí jì wá. Àwọn ọmọ yìí ò ní rí òǹwòran tó jù yín lọ. Kí lẹ rí sí iṣẹ́ wọn?"

Ó nu ojú rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì jí nínú rẹ̀. "Ó dẹ́rù bà mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kò jọ òkú tó. Òkú kì í di kọ́kọ́rọ́ mú gírí báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣí. Àti pé, ẹ wò ó dáadáa, òkú yìí ń mí. Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí n rí i."

Oníkámẹ́rà kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá.

Ẹlẹ́rìn-ín bọ́ síwájú. "Èmi ni mo pín in," ni ó wí. "Inú mi ń dùn bó ṣe ń tàn kálẹ̀, mo ń ka iye èèyàn tó wò ó. Mi ò ronú kan ẹni tó lè jẹ́ ẹbí Màmá rí. Orí gbogbo àwòrán ló yẹ ká ti kọ ọ́ pé eré ni. Ẹ dákun, Màmá, ẹ má bínú." Bóyá ó dọ̀bálẹ̀ ni tàbí ó kúnlẹ̀, kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó délẹ̀.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan bi ẹ̀gbọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde pé, "Kí ni Màmá Kọ́kọ́rọ́ jẹ́ sí yín?"

"Àbúrò mi ni," ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Òun ló ń gbálẹ̀ ilé yìí. Ẹ ò rí bó ṣe ń dán?"

Màmá Kọ́kọ́rọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n jà lẹ́ẹ̀mejì, lórí iyọ̀ àti lórí fèrèsé tó yẹ kí wọ́n ṣí. Ọkọ àbúrò ra bàtà tuntun fún un, ó tóbi díẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n délé, ó pè láti sọ pé òun ti dé, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ títí iná fóònù Màmá Kọ́kọ́rọ́ fi kú. Ó so fóònù náà mọ́ iná, ó jókòó tì í, ó ń dúró kó jí.