Àgbò Ojú Ọ̀run

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi fi fóònù ya ìkùukùu ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Olódò, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa lókè òkun, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́.

“Bàbá Tóyìn, ẹ wò ó, ó dà bí àgbò!”

Mo wò ó, mo sì rántí ọ̀sán kan ní Erunmu nígbà èwe mi. Ìyá àgbà sá iṣu èlùbọ́ sórí àpáta, wọ́n ní kí n pe àwọn bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àpáta gbígbóná. Àgbò funfun kan ń rìn lókè, mo sì ń wò ó títí ó fi dúdú, títí òjò fi bọ́ sí mi lójú.

Iṣu ti rin gbingbin kí ìyá àgbà tó sáré dé.

“Kí lò ń wò?”

“Àgbò ni, Ìyá.”

Wọ́n gbójú sókè. “Òun náà ló jẹ iṣu wa yẹn!” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n febi sùn lọ́dún yẹn kí èmi lè yó.

Mo sọ ìtàn náà fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tóyìn pè mí. “Dádì, ṣé àwòrán ti tán náà nìyẹn?”

N kò ya àwòrán rí. Mo kọjú fóònù ìyàwó mi sókè sí ìkùukùu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka mi ló hàn nínú méjì. Mo fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí wọn.