Àpótí Tí Mo Rà fún Gàárì Bàbá Ṣàngódélé

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jọba, kò sì joyè. Ṣàngódélé lorúkọ rẹ̀, àbúrò bàbá mi ni, àgbẹ̀ àgbàdo lọ́nà Idigny. Ohun kan ṣoṣo tó fi yàtọ̀ sí àwọn ará ilé wa ní Kétu ni pé òun ló ń tọ́jú gàárì àti ìjánu ẹṣin ìdílé. Lọ́dọọdún ni olórí ẹbí wa máa ń gun ẹṣin lọ kí ọba, gàárì tí bàbá bàbá wa lò ni wọ́n sì máa ń dì fún ẹṣin náà.

Òkè ààrò nílé ìdáná ni Bàbá Ṣàngódélé máa ń gbé gàárì náà kọ́ sí, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi àkísà nù ún, á fi òrí pa á, á fi han oòrùn àárọ̀ díẹ̀, á tún gbé e kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ fọwọ́ ìdọ̀tí kàn án. Ó ti gbá èmi gan-an létí rí nítorí ẹ̀.

Èmi Clément wá ti ilé ìwé dé, mo di akọ̀wé ní búrò ìjọba. A ò tíì gba òmìnira pé ọdún méjì nígbà náà. Agọ̀ ló kún orí mi. Pierre ọ̀rẹ́ mi wá kí mi láti Kútọnù, ó gbójú sókè nílé ìdáná, ó ní, “Ẹran ìgbẹ́ wo lẹ ń yan síbẹ̀ yẹn?” Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo bá a rín in, ojú sì ń tì mí. Ohun tí kò yẹ kó tì mí lójú ló ń tì mí lójú.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni mo lọ sí Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ Sìdíkù tó ń ta àpótí. Ó gbé méjì síwájú mi. Àpótí igi ìrókò ni èkíní, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dà bí ilé adìyẹ lójú mi. Èkejì ni kantíìnì, àpótí irin bí irú tàwọn sójà, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn ún, ó ń dán. Sìdíkù bèèrè ohun tí mo fẹ́ kó sí i. Mo ní gàárì ẹṣin ni.

“Akọ̀wé, ẹ mú ti igi,” ni ó wí. “Irin a máa làágùn nígbà òjò, awọ kò sì fẹ́ omi.”

Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo mú ti irin, mo tún ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí ìdérí rẹ̀. Orúkọ mi o, kì í ṣe ti ìdílé.

Nígbà tí mo gbé e délé, Bàbá Ṣàngódélé rìn yí i ká. “O ṣeun, ọmọ mi. Ó dára. Níbo wá ni atẹ́gùn ó gbà wọlé?”

Mo ní ayé ti là. Ó ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ti gàárì mọ́nú àpótí, mo kó kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ mí pé kí n ṣí i kí òun lè sá gàárì. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ń lọ sí búrò. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ó di ọ̀la. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo jágbe mọ́ ọn, èmi tó pọ̀n sẹ́yìn rí. Oṣù mẹ́ta òjò gbáko, kò fojú kan gàárì.

Ọjọ́ tí a ń lọ kí ọba pé. Bàbá Babalọlá, olórí ẹbí wa, ti múra tán, ẹṣin ti dúró. Mo ṣí àpótí lójú gbogbo ẹbí, òórùn lé wa sẹ́yìn. Ohun funfun bí òwú ti hù bo gàárì, ìjánu ti dípẹtà. Wọ́n fa okùn awọ rẹ̀ báyìí, ó já. Ẹsẹ̀ ni Bàbá Babalọlá fi rìn lọ sí ààfin, Bàbá Ṣàngódélé ń tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò ń wò wá. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá Babalọlá bèèrè ẹni tó ba gàárì baba wa jẹ́. Ṣàngódélé, àgbàlagbà, ló dọ̀bálẹ̀. “Èmi ni. Èmi ni mo gbàgbé láti sá a.” Mo ń wolẹ̀. Wọ́n gba ìtọ́jú gàárì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú òrí àti àkísà wá bá mi, ó jókòó tì mí, ó fi bí wọ́n ṣe ń nù ún hàn mí. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ mi. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń pè é ní Bàbá-ba-gàárì-jẹ́, á rẹ́rìn-ín. Kò mẹ́nu kàn án fún mi rárá. Èmi náà kò lè ṣe bí ọkùnrin kí n sọ òtítọ́.

Ìgbà tó kú, tí a sin ín tán, ni mo tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Babalọlá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni ó wí. “Lọ́nà ààfin lọ́jọ́ náà ló ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ru ẹ̀bi náà. Ó ní bí a bá dójú tì ọ́ láàárín ẹbí, wàá sá kúrò nílùú. Ó ní kí n fún ọ ní ọjọ́ díẹ̀, o ò ní pẹ́ wá sọ ọ́ fúnra rẹ.” Ó fọwọ́ nu ojú. “Títí ó fi kú ló ń bi mí bóyá o ti wá.”