Ọwọ́ Tó Ń Fa Awọ

Ká ní ẹnìkan sọ fún Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le pé abẹ kékeré oníbíléèdì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi họ irùngbọ̀n wọn nílé, ni òun náà yóò máa bá jà lọ́jọ́ alẹ́, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín. Onígbàjámọ̀ ni, abẹ gbọọrọ ló sì ń lò. Oníbàárà a sùn lórí àga rẹ̀, a máa hanrun, abẹ a máa rìn lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Abẹ oníbíléèdì ńkọ́? Ó ní ẹni tí kò mọṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe wọlé tọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó fa ètè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì gba ọwọ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń jáde tipátipá, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbọ́ràn mọ́. Orí itan ló máa ń wà, bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ iná, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń fárí. Bí Bàbá bá gé oníbàárà lọ́fun, ta ni yóò dáhùn? Bàbá yarí. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò: bí oṣù bá parí, tí Bàbá fi ọwọ́ òsì fá ojú ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó parí.

Bí ọ̀gá ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Abẹ gbọọrọ lọ́wọ́ òsì, ẹ̀mí ló ń wá. Òun alára mọ̀. Ló bá rán ìyàwó rẹ̀ kó lọ ra èyí tó ti ń fi ṣẹ̀sín láti ọjọ́ yìí wá. Láràárọ̀, Ìyá a gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ wá sí iwájú dígí tí wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé, Bàbá a jókòó, a fi ọṣẹ kun ojú. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ló ń ṣe é níbi. Ọwọ́ ló ń darí abẹ gbọọrọ. Ti oníbíléèdì, ìwúwo orí rẹ̀ ti tó o, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rí i. Nígbà tó yá, ó kọ́ láti má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọ̀kan wá kù. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ti dẹ̀, àfi kí ọwọ́ kejì fà á le kí abẹ tó lè kọjá. Iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ń fárí fáyé nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Tirẹ̀ wá ku ẹyọ kan. Ó gbìyànjú láti fi afẹ́fẹ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ gba ètè tó wọ́ jáde, fùù. Ìyá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó fi ìka méjì mú awọ lẹ́bàá etí, ó fà á sókè. Abẹ kọjá. Ìgbà tó bá ṣìnà, ìka Ìyá ló ń bá. A fi ìka náà sẹ́nu, a fà á mu, a dá a padà síbi tó wà.

Nígbà tí oṣù parí, ọmọ dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá, ó ń dán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á sọ fún alátùn-únṣe fóònù pé kó wá ibòmíràn. Inú Ìyá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ara rẹ̀, ó gbé omi fún un. Bí ọmọ ṣe fẹ́ gba ife, ó rí ìka tí wọ́n fi pílásítà àti àkísà dì.

"Màmá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ọ̀bẹ ni. Mo ń gé àlùbọ́sà."

Ọmọ wo ìka, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá. Ó mumi. Nígbà tó dìde, ó ní ohun tí òun sọ, òun ti sọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ gbà kí wọ́n tan òun jẹ.

Bàbá ló fi ọwọ́ òsì yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mú un," ó ní. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, ìyá ẹ ló bá mi fà á. Ti oníbàárà ńkọ́?"

Ìyá ní òun á máa bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun á máa dúró tì í. Bàbá wo ọwọ́ Ìyá títí.

"Ìka mélòó ló kù?"

Ọmọ mú kọ́kọ́rọ́ náà. Kí ni ì bá tún ṣe? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó na ìka méjì sí ẹ̀bá etí rẹ̀. Bàbá rọra gbé ọwọ́ náà kúrò, ó ní kó lọ da omi náà nù.