Wáyà Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Wọ Ilé Wa

Oṣù mẹ́ta ni ìyàwó mi ní òun fẹ́ lò lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin tó bímọ sí ìlú òyìnbó. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún kan àti ààbọ̀. Èmi nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́rin ní Mowe, tí mo ń bá fìríìjì sọ̀rọ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fìríìjì máa ń kùn lóhùn díẹ̀, ó sàn ju àga lọ.

Ilé wa ló gbẹ̀yìn ní àdúgbò. Nígbà tí a kó débẹ̀, igbó ló yí wa ká, òpó iná tó sún mọ́ wa jù sì jìnnà débi pé igi la rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà láti fi gbé wáyà tiwa dúró títí ó fi dé ilé. Láti ọjọ́ náà, iná wa ò pé rí. Gílóòbù á kàn pọ́n, fáànù á máa yí jẹ́jẹ́ tí èèyàn á fi lè ka apá rẹ̀, omi inú fìríìjì ò sì ní tutù. Lọ́jọ́ kan, tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, mo bi ìyàwó mi ní ọjọ́ tó ń bọ̀ wálé.

“Dádì,” ó ní, “ṣé inú ilé tí fáànù ò ti lè lé eṣinṣin yẹn ni kí n sáré padà sí? Ẹ jẹ́ kí iná yín dára ná.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n èmi gbà á gbọ́. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé bí iná bá ti dára, ìyàwó mi á wálé. Mi ò tún ronú kan ohun mìíràn mọ́.

Tiransifọ́mà ni gbogbo àdúgbò máa ń bú. Orí wáyà mẹ́ta ni iná gbà wọ àdúgbò wa. Bí ọ̀kan bá ti rọ, kálukú á ní kí wọ́n bá òun sún iná òun sórí èyí tó le, títí tí òun náà á fi rọ. Èmi náà bá wọn sún un títí ó fi sú mi. Mo wá ké sí Alhájì kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Ibafo. Ó pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé kí iná má baà gbé e, ó ki mítà ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń wọn agbára iná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wò ó.

“Bàbá, iná yín pé. Fáànù yín ló ti gbó.”

Mo ra fáànù tuntun. Bí ti àtijọ́ ṣe ń yí ni tuntun náà ń yí. Inú bí mi débi pé mo kó o padà sínú páálí rẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yìn èyí ni mo rí nóòtù fisíìsì ọmọ wa, èyí tó lò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nínú àpótí kan ní yàrá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ifọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń fi àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe ẹlẹ́yà pé wáyà àti ìgò ni wọ́n ń bá ṣeré. Báírò pupa ni mo kọ́kọ́ mú, mo ń sàmì sí àṣìṣe ọmọ mi. Ta ni mo tún fẹ́ bá sàmì? Ibẹ̀ ni mo ti dé ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ìdènà tí iná máa ń bá pàdé nínú wáyà.

Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó yé mi. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá, wáyà fúnra rẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́. Bí wáyà bá ṣe gùn sí i ni ìdènà ṣe ń pọ̀ sí i, bó bá sì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó dà bí omi tó ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wá láti táǹkì tó jìnnà: bí ẹ bá ti ẹ̀rọ pa, omi á kún inú rọ́bà, á le dáadáa, ẹ wá ṣí i, á máa ṣe tó-tó-tó.

Mo ní èmi fúnra mi á fojú rí i. Mo la pẹ́ńsù kan sí méjì lọ́gbọọgba kí dúdú inú rẹ̀ lè yọ síta. Mo to bátìrì mẹ́ta, mo yọ gílóòbù kékeré lára tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀, mo sì jẹ́ kí iná gba inú dúdú pẹ́ńsù náà kọjá. Nígbà tí ẹnu wáyà méjèèjì sún mọ́ra lórí pẹ́ńsù, gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò. Bí mo ṣe ń fa ọ̀kan jìnnà sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣú. Mo la pẹ́ńsù pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà ń lò, tí dúdú inú rẹ̀ nípọn. Mo fa wáyà jìnnà bákan náà, kò ṣú tó ti àkọ́kọ́.

“Mọ́mì! Wá wo nǹkan!”

Mo ti pariwo kí n tó rántí. Ohùn mi lọ títí dé kíṣìnnì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo jókòó ti pẹ́ńsù tí mo là náà, ó dùn mí gan-an.

Ohun tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni ohun tí pẹ́ńsù náà rán mi létí. Lọ́jọ́ tí a ra wáyà ilé wa ní Ibafo, ìyàwó mi fọwọ́ bà á nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Dádì, èyí ò tẹ́ẹ́rẹ́ jù? Ilé wa mà jìnnà o.” Lójú ẹni tó ń tà á ni mo ti dá a lóhùn pé wáyà ni wáyà, pé kó lọ máa mójú tó aṣọ tó ń tà. Ní gbogbo ọdún tó fi ń ráhùn iná, tiransifọ́mà ni mo ń sọ fún un.

Mo pe Alhájì padà.

“Ẹ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wà lórí iná kí ẹ tó wò ó,” mo ní. “Ìgbà tí nǹkan bá ń fa iná ni ìdènà inú wáyà máa ń hàn.”

Ó tan áyọ́ọ̀nù, ó ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó wà lójú mítà já wálẹ̀ pátápátá.

“Subuhánálááhì!” ó ní. “Bàbá, wáyà yín ni. Ta ló kọ́ yín?”

“Ọmọ mi,” mo ní.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fa wáyà tó nípọn láti òpó wá sílé. Nígbà tí iná dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fáànù fẹ́ ìwé orí tábìlì dà nù. Kíá ni mo pe ìyàwó mi. Mo kọjú fóònù sí gílóòbù, mo kọ ọ́ sí fáànù, mo gbé e wọ kíṣìnnì lọ sídìí fìríìjì.

“Kì í ṣe tiransifọ́mà,” mo ní. “Wáyà tí mo rà ni. Òótọ́ lo sọ nínú ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn. Má bínú sí mi. Iná ti dé, máa bọ̀ wálé.”

“Dádì, kì í ṣe iná. Ọmọ yín ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kò rí ẹni tó máa bá a mú ọmọ. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín ni.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ kọjú fóònù sí ara yín, kí n rí yín.”

Mo kọ ọ́ sí ara mi. Abẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ kedere ni mo dúró sí.

“Ẹ ti rù,” ó ní. “Kí lẹ jẹ lónìí?”

Mo fẹ́ purọ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

“Gààrí ni. Àárò rẹ ń sọ mí. Mi ò gbádùn láti ìgbà tí o ti lọ.”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí,” ó ní, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. “Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà lẹ máa ń bá mi sọ.”

Ó ní kí n lọ se iṣu. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ó ń wò mí bí mo ṣe ń bó o, ó ń bá mi wí pé mò ń bó o nípọn jù. Iṣu ò tíì jinná tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́dọ̀ wọn. Ó dìde lọ gbé e, ó gbàgbé láti pa fóònù. Àga tó jókòó lé nìkan ni mò ń rí. Èmi náà ò pa á. Mo dúró sídìí sítóòfù, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún.