Ìdáhùn tí Màmá Ń Wá

Kékeré ni mo wà, ní Ìsàn-Èkìtì, tí mo ti há Súrà kan sórí láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń rí ìtumọ̀ lórí fóònù, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń kéú nígbà náà nìyẹn: a ń mi ara síwá sẹ́yìn lórí ẹní, a ń pariwo, ohùn Lárúbáwá náà á sì máa dùn lẹ́nu wa.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló ń lọ, síbẹ̀ á pè mí síbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"O ti ulé kéú dé? Ìmàle kékeré, wá ka èyí tó ń ró bí òjò orí páànù yẹn fún mi. Bí fíkà wa bá kọjá, o ò ka nǹkan kan o!"

Màá kà á, á bu ẹ̀pà fún mi. Mo rò pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn ohùn mi tó o.

Nígbà ààwẹ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n ń ṣe wàásù níwájú mọ́sáláṣí. Ajánásì ń ka ẹsẹ, Alfa wa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú gbohùngbohùn. Bí mo ṣe gbọ́ Súrà mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, mo fò sókè: "Màmá, tiwa nìyẹn!"

Alfa ní maw'ūda inú ẹsẹ náà ni ọmọbìnrin tí àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ sin láàyè. Su'ilat ni pé wọn yóò bi í léèrè lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó ní ká kíyè sí i: ọmọ náà gan-an ni wọn yóò bi, pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi pa á.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màmá.

Mo mọ̀ pé ó bí ọmọbìnrin kan rí. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, nínú aṣọ ilé-ìwé. Màmá fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ẹbí kan ní Ìbàdàn kó lè kàwé. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá, pẹ̀lú àpá ẹgba lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ibà ni. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan.

"Wọ́n máa bi òun fúnra rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dáhùn? Lọ wò ó nínú ìwé yín."

Mo sáré tọ Alfa lọ. Ó ní Kùránì kò sọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ti bọ́ sórí ìwé iṣẹ́ ẹ̀dá tí wọn yóò ṣí sílẹ̀. Mo padà sọ fún Màmá pé kò sí níbẹ̀.

"Ó máa sọ̀rọ̀," ó ní. "Á ní èmi ni mo di ẹrù òun. Ó ń sunkún, mo ṣáà ń di ẹrù náà."

Kò tún pè mí mọ́ kí n wá kà á. Bí mo bá ń kà á nílé, mo máa ń rẹ ohùn mi sílẹ̀. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí àánú.

Màmá kú kí n tó wọ yunifásítì. Àwọn èèyàn rò pé nítorí iṣẹ́ ni mo ṣe lọ kọ́ èdè Lárúbáwá. Ìdáhùn ọmọ yẹn ni mo lọ wá. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé kí ojú lè ti ẹni tó pa á ni wọ́n ṣe bi í, kí ẹni tí wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ láyé lè rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe láti fi ìyá kankan sùn. Ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ fún Màmá nìyẹn, kò sì sí Màmá mọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Ayé ti yí padà. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéú yẹn báyìí. Ìtumọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá lórí fóònù, wọ́n á kà á bí ẹni ń ka pátákó ẹ̀bá títì, wọ́n á sì kọjá lọ. Àwa kò mọ̀ ọ́n, àwọn mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ bí wọ́n bá ń sáré kọjá lórí ẹsẹ ọmọ tí wọ́n sin láàyè. Bí a bá dé ẹsẹ yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọbìnrin kan bi mí pé:

"Àǹtí, kí la ń dúró dè?"

"Ọmọ náà," mo ní. "Wọ́n ti bi í léèrè. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, mo tẹ́tí sílẹ̀.