Orúkọ Màmá Apoògùn

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ nìkan ló wà lápò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ló ń sọ ẹni tó lè wọ èyí àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ tọ̀hún. Nígbà kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ á máa ti yàrá bọ́ sí yàrá, á máa pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, títí orúnkún á fi máa ro ó. Nígbà tó sú u, ó wá ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn tó ṣe é yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tú inú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ó fi kó gbogbo orúkọ jọ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Bó bá ti orúkọ kan pa níbẹ̀, ó tì níbi gbogbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ti orúkọ Màmá Apoògùn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, pa. Kò tíì fìdí balẹ̀ tí fóònù fi dún. Kọ̀ǹpútà ilé oògùn kò gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́.

Ó mí kanlẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ pé bàtà ló ń gbé e kiri báyìí, kì í ṣe ẹsẹ̀. Àwọn aláìsàn ti kún ojú fèrèsé ilé oògùn.

Ó bi àwọn apoògùn tó wà níbẹ̀ pé, "Ta ló ń lo orúkọ Màmá nínú yín?"

Ọ̀gá wọn ló dáhùn. "Gbogbo wa ni, sà."

"Orúkọ tí mo ṣe fún kálukú yín ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi sí i ti gùn jù. Ti Màmá ni gbogbo wa há sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn ṣí i padà. Ẹ ò rí èrò níta ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa fọwọ́ tẹ kọ̀ǹpútà, á sì padà lọ jókòó. Ó kàn pe Màmá lórí fóònù láti tọrọ àyè.

"Màmá, ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì o. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń pín oògùn níbí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí. "Ṣé òjìji mi ló ń bá yín ṣiṣẹ́ ni?" Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán. "Bí wọ́n bá fún ẹnì kan ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ta ni kọ̀ǹpútà máa dárúkọ?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo ti ṣe tèmi láìlábùkù, mo sì ti lọ."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé fóònù sápò, ó fa àga. "Ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kálukú á yan ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ lójú mi."

"Ó máa pẹ́ o, sà."

"Mo mọ̀."

Bàbá arúgbó kan yọrí lójú fèrèsé. "Ṣé ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́ oògùn wa?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú."

Apoògùn àkọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ṣì í, ó tún un tẹ̀, ó wọlé. Ó pín oògùn fún bàbá náà ní orúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe ti Màmá. Bàbá gbà á, kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fọwọ́ nu ojú, ó kọjú sí ẹni tó kàn.