Agbádá Hezekiah Lọ́rùn Gbogbo Òkú

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Àlàájì Jùbrílù ni Ìyànà Ọ̀fà tó mọ̀ pé Hezekiah ti ń gbé ara tirẹ̀ wọ àwọn òkú.

Mùjíbátù, àkọ́bí Àlàájì, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Pósítà àdúrà ni wọ́n fẹ́, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri ilé àti òpó iná títí dé ọjà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni ti káàdì ìdìbò, orí àti ọrùn lásán. Mùjíbátù ní òun fẹ́ kí bàbá òun jókòó sórí àga nínú agbádá. Hezekiah, tó ń ya fọ́tò tó sì ń ṣe pósítà lójú títì, ní kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo oníṣẹ́ fọ́tò lágbègbè wa ń ṣe é. Wọ́n á gé orí òkú, wọ́n á wá ara tó wọ aṣọ ńlá, wọ́n á so ó mọ́ ọn lórí kọ̀ǹpútà.

Pósítà jáde, ó sì dùn ún wò lókèèrè. Àlàájì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún nínú agbádá funfun. Àmọ́ Àlàájì dúdú, ọwọ́ tó wà lórí orúnkún sì pupa. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì tún tẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìka yẹn ní Ìyànà Ọ̀fà. Àdá ló gé iṣan rẹ̀ nígbà tí Hezekiah ń gé igi ẹ̀gẹ́ lóko bàbá rẹ̀, láti kékeré.

Àwọn Ààfáà ò tíì jẹun tán tí Mùjíbátù fi dé ṣọ́ọ̀bù. Rédíò àti fóònù ni èmi ń tún ṣe nítòsí ibẹ̀, pákó lásán ló là wá láàárín, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́.

"Bàbá, ara ta lẹ gbé wọ bàbá mi?"

"Ara mi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá ara ẹlòmíì?"

"Ara ta lo fẹ́ kí n jí?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn yòókù ti ń mú u."

"Ẹni tó ni ara lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé wọ́n bi í?"

Mùjíbátù pòṣé, ó yí padà, kò sì kí Hezekiah mọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Ìgbà yẹn làwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn pósítà àtijọ́ wò. Òkú ọkùnrin mọ́kànlá la kà tó wọ agbádá kan náà, tí ìka kan náà tẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ti àwọn obìnrin, ara Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni. Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ̀ títí ó fi rí bùbá rẹ̀ lọ́rùn ìyá kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti jà lọ́jà, tí wọn ò sì parí ìjà náà títí ìyá yẹn fi kú.

Mo lè pè é ní Hezekiah, ẹgbẹ́ ni wá. Orí líle rẹ̀ kọjá ti gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ibi tó ti kọ́kọ́ hàn ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti títà, owó dọ́là ni wọ́n sì ń fi san án lóṣooṣù. Èkejì jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn kan tí a ò mọ̀ rí ló jókòó sí ilẹ̀ òkèèrè ṣe é, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Ti títà ni gbogbo oníṣẹ́ fọ́tò láti Moniya dé Ẹgbẹ́dá ń lò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó san dọ́là.

Múyì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Hezekiah, ló kọ́kọ́ gbé e wá fún un nínú fíláàṣì, tìfẹ́tìfẹ́.

"Ta ló tà á fún ẹ?" Hezekiah bi í.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi, Bàbá."

"Ta ló fún ọ̀rẹ́ ẹ?"

"Àwọn kan ti já àgádágodo rẹ̀. Kò sówó tí ẹ máa san."

Hezekiah fi ọwọ́ méjèèjì dá fíláàṣì padà. Alàgbà ló jẹ́ ní ìjọ Kérúbù. Ó ní ẹni tó bá ń ya àwòrán áńgẹ́lì kò gbọdọ̀ fi nǹkan tí wọ́n já ilẹ̀kùn gbé yà á. Múyì rẹ́rìn-ín dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín.

Ká sọ tòótọ́, ti ọ̀fẹ́ yẹn ń fìyà jẹ èèyàn. Bí Múyì bá fẹ́ ya òbìrìkítí yí orí òkú ká, á tẹ bọ́tìnnì kan, á fa ọwọ́, ó parí. Hezekiah á kọ́kọ́ sàmì sójú ibẹ̀, á lọ wá kálàmù, á sọ fún kálàmù pé kó tẹ̀lé àmì, á wá pa àmì rẹ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó bó ṣe ń kà á fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo tún rédíò méjì ṣe tán kí òbìrìkítí kan tó jáde. Nígbà míì, àpótí irinṣẹ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà á ṣàdédé pòórá, á sì máa bẹ̀ ẹ́: "Níbo lo lọ? Wá, jọ̀ọ́. Oníbàárà wà níta."

Àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u. "Àwọn tó ṣe é ò mọ̀ mí rí, wọ́n sì fún mi," á wí. "Ṣé èmi ni màá wá sọ pé ọbẹ̀ wọn ò níyọ̀?" Mo ní iyọ̀ kọ́ ló ń dun èmi, ebi ló ń pa mí títí ọbẹ̀ fi máa jinná.

Ọjọ́ kan ó gbé iṣẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Fíláàṣì wọlé, kọ̀ǹpútà wọn ní òun ò mọ irú nǹkan yẹn. Bó ṣe fi iṣẹ́ pamọ́ lọ́nà ti ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ nìkan ló lè ṣí i. Ó yẹ kó tún rán an jáde ní irú èyí tí gbogbo kọ̀ǹpútà lè ṣí, ó sì gbàgbé. Ó wọ mọ́tò padà sí Ìyànà Ọ̀fà, ó rán an jáde, ó tún lọ. Nígbà tó débẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó rí i pé òun ti gbàgbé fíláàṣì sára kọ̀ǹpútà nílé. Motúnráyọ̀ ní ọkọ òun lọ sí Mọ́kọ́lá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, kò sì ra búrẹ́dì bọ̀.

Kàlẹ́ńdà ìjọ ló bà á lọ́kàn jẹ́. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ló fi ń ṣe é, owó rẹ̀ ló ń dáná lábẹ́ ìkòkò ilé Hezekiah nígbà tí òkú bá wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ilé ọmọ ìjọ tí èèyàn wọ̀ tí kò ní bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i jọjọ. Ní ọdún kẹtàlá, bùlúù tó fi ṣe sánmà lórí kọ̀ǹpútà di àwọ̀ àlùkò nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, torí ti ọ̀fẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń po yíǹkì àwọn atẹ̀wé. Ojú àwọn alàgbà tó wà lára rẹ̀ ṣá, ó dà bíi pé ibà ń ṣe gbogbo wọn.

Alàgbà Josiah, tó ń bójú tó kàlẹ́ńdà, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Arákùnrin, lọ gba ti Múyì kí o fi ṣe é lọ́dún yìí."

"Olè ni ti Múyì."

"Kò sẹ́ni tó máa rí olè lára kàlẹ́ńdà. Àwọ̀ ni wọ́n máa rí."

Hezekiah bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun máa ra ti títà gan-an. Ó lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Káàdì rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní owó náírà inú rẹ̀ ò lè ra ohun tí wọ́n ń tà ní dọ́là. Ó padà dé, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n rà á, wọ́n sì ní kí n má jí i."

Múyì ni Josiah gbé kàlẹ́ńdà fún. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, bùlúù rẹ̀ mọ́ rekete. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àga Hezekiah wà. Kò kúrò ní ìjọ, kò sì pààrọ̀ àga. Ó kàn ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú súùtánà rẹ̀, a sì ń wò ó.

Mi ò lè dá Josiah nìkan lẹ́bi. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó, Múyì ló ṣe káàdì wa. Ẹ̀yìn ọjà ni mo gbà wọ ibẹ̀ kí Hezekiah má baà rí mi. Ó rí mi. Nígbà tí mo fún un ní káàdì tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́yìn tiwájú, ó ní, "Ó dáa o. Àwọ̀ rẹ̀ mú." Ojú ṣì ń tì mí di òní.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ní oṣù kẹfà, kó tó pé ọdún kan tí kàlẹ́ńdà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kíá ni Josiah àtàwọn alàgbà ìyókù dé ilé, wọ́n ń sọ pé olóòótọ́ èèyàn lọ. Wọ́n ní Múyì máa ṣe pósítà ìsìnkú.

"Kò burú," Motúnráyọ̀ dá wọn lóhùn. "Àmọ́ kò ní fi nǹkan olè ṣe é. Kọ̀ǹpútà ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kó lọ jókòó tì í."

Múyì fi ẹ̀rín wọlé láàárọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, òógùn ti bò ó.

"Bàbá," ó ké sí mi láti ẹ̀yìn pákó, "níbo ni wọ́n ti ń ya òbìrìkítí nínú nǹkan yìí?"

Mi ò fọwọ́ kan ètò yẹn rí láyé mi. Àmọ́ mo gbọ́ ara mi tí mò ń dá a lóhùn. "Kọ́kọ́ sàmì sójú ibẹ̀. Lọ wá kálàmù. Sọ fún kálàmù kó tẹ̀lé àmì. Wá pa àmì rẹ́." Ó ṣe é, òbìrìkítí sì jáde. Mo dorí kodò sórí rédíò tí mò ń tún ṣe, mo sunkún.

Ìṣòro tó kù ni orí. Ara tó wọ agbádá wà níbẹ̀, àmọ́ Hezekiah ti gé orí tirẹ̀ kúrò láti ọjọ́ tó ti ń fi ara náà yá àwọn òkú, kò sì ya òmíràn. Oníṣẹ́ fọ́tò tó ya gbogbo ìlú ò ní fọ́tò ara rẹ̀. Káàdì ìdìbò rẹ̀ la lọ wá, bíi ti Àlàájì. Múyì so orí náà mọ́ ara, ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan tí mo máa tún ṣe. Ó bára mu." Ọjọ́ kejì, ó padà sí ti olè rẹ̀. Àwa náà ò dá a dúró.

A lẹ pósítà náà káàkiri. Nírọ̀lẹ́, Mùjíbátù wá kí Motúnráyọ̀, ó sì yà sí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó pẹ́ níwájú pósítà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó fi kan ìka tó tẹ̀ yẹn.

"Ara tí bàbá mi wọ̀ rèé," ó wí. "Ẹ ṣeun, Bàbá, tí ẹ yá a fún wa. Mi ò dúpẹ́ nígbà yẹn."

Ó gba pósítà kan lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sílé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Ti Àlàájì ṣì wà lára ògiri wọn, òjò ti nà án, Mùjíbátù ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ó ní kí n lẹ ti Hezekiah mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́. Orí méjì, agbádá kan, ìka kan náà ló tẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.